Ìrìn Ẹgbẹ́ Oní-Kit Car ní Yorkshire Dales: Bí Ẹ Ṣe Máa Ṣètò Ẹ̀ Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fi Ní Sọnù Lẹ́yìn

Ẹni tó bá ra kit car, irin àti páálí ló rà, kì í ṣe ọkọ̀. Wọ́n á já ṣásí kalẹ̀ síwájú ilé rẹ̀, wọ́n á kó ara ọkọ̀, wáyà àti nọ́ọ̀tì inú ọ̀rá tẹ̀lé e; ẹ́ńjìnì àti jíà lè jẹ́ ti Ford Sierra tàbí Mazda MX-5 àlòkù kan tí wọ́n tú. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa tò ó ní gáréèjì, ní alaalẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, títí ọkọ̀ á fi ṣáná. Ní Britain, Lotus Seven tí Colin Chapman, ẹni tó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ Lotus sílẹ̀, gbé jáde ní 1957 ló sọ irú ọkọ̀ yìí di ìlúmọ̀ọ́ká, nítorí owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ọkọ̀ tuntun nígbà náà kò kan èyí tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tò. Ní 1973, VAT rọ́pò owó orí yẹn. Ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ Caterham gba Seven lọ́wọ́ Lotus. Àǹfààní owó orí lọ, àmọ́ àwọn tó ń to ọkọ̀ ò dáwọ́ dúró. Wọ́n ti tọ́ ọ wò.

Ọkọ̀ tí olúkúlùkù fọwọ́ ara rẹ̀ tò kì í jọra. Ẹ kó mẹ́wàá jọ, ẹ ó rí èyí tó ń lo ẹ́ńjìnì ọ̀kadà, èyí tó ní V8 ńlá lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì bíi ti ọkọ̀ eré Cobra, àti ẹ́ńjìnì Ford Crossflow àtijọ́ tí kábúrétọ̀ rẹ̀ máa ń wúkọ́ láàárọ̀. Ọ̀kan ní gíláàsì iwájú, èkejì kò ní. Bíréèkì ọ̀kan ń mú bí ìdè, ti èkejì fẹ́ kí ẹ fi gbogbo itan tẹ̀ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ìrìn ẹgbẹ́ wọn fi máa ń dàrú bí ẹni tó ń ṣètò bá jẹ́ ẹni tó ní ọkọ̀ tó yá jù, tó sì ń fi ọkọ̀ tirẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n: bí ọjọ́ náà bá dùn mọ́ ọn, á dùn mọ́ gbogbo yín.

Ọ̀nà tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ wà ní Yorkshire Dales, ní àríwá England. Láti Skipton ni, ó gba Grassington, Kettlewell àti Hawes, ó yí gba Ribblehead àti Ingleton padà sí Skipton. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí máìlì 75. Ó pọ̀ tó fún ọjọ́ kan, kò sì pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ọkọ̀, ẹ mọ ẹni tó ń wà á

Kí ẹ tó ronú kan ọ̀nà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin lọ́wọ́ olúkúlùkù. Irú ẹ́ńjìnì wo ló wà nínú ọkọ̀ yín? Táńkì tó kún lè gbé yín dé máìlì mélòó? Ṣé ọkọ̀ náà ní òrùlé? Ṣé ẹ ti bá ẹgbẹ́ rìn rí? Ìdáhùn ìbéèrè kejì ni yóò sọ ibi tí ẹ ti máa ra epo, ìkẹrin ni yóò sọ ibi tí onítọ̀hún máa wà lórí ìlà.

Ọkọ̀ mẹ́wàá tó lórí ìlà kan. Bí ẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín ara yín sí ọ̀wọ́ méjì, kí ọ̀wọ́ kejì gbéra ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn àkọ́kọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì ní adarí àti olùkẹ́yìn tirẹ̀. Ọkọ̀ ogún tó so kọ́ ara wọn lójú ọ̀nà tóóró máa ń bí àwọn ará abúlé nínú, wọn ò sì jẹ̀bi.

Òfin náà wà ńbẹ̀. Òfin ojú pópó ti Britain, ti ọdún 1988, ka eré ìje lójú ọ̀nà ìlú sí ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ka àkókò fún ẹnikẹ́ni, ẹ má fi ẹ̀bùn lélẹ̀ fún ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, ẹ má tilẹ̀ fi í ṣe àwàdà lórí WhatsApp. Àwàdà irú èyí lè dé iwájú ilé iṣẹ́ ìbánigbófò lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Kí olúkúlùkù wo ìwé ìbánigbófò tirẹ̀, kó rí i pé ọkọ̀ náà gan-an bó ṣe rí lónìí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó ti yọ ẹ́ńjìnì 1.6 tó fi 2.0 sí i láìsọ fún wọn, bí ẹni tí kò ní ìwé ló rí.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ọ̀nà, kí ẹ sì wà á kí ọjọ́ tó pé

Láti Skipton, ọ̀nà B6265 ni yóò gbé yín lọ sí apá Grassington. Ní Threshfield, ẹ bọ́ sí B6160, ẹ ó sì rí Kilnsey Crag lápá òsì: òkúta ẹfun ńlá tí orí rẹ̀ yọ síta ju ìdí lọ. Ọ̀nà yìí tẹ̀lé odò Wharfe gba Kettlewell àti Starbotton dé Buckden. Ó fẹ̀ díẹ̀, kọ́nà rẹ̀ rọra ń yí, ó dára fún kí ọkọ̀ àti awakọ̀ jọ gbóná.

Ní Buckden ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹ fi B6160 sílẹ̀, ẹ yà sí òsì lọ sí Hubberholme. Láti ibẹ̀, ọ̀nà di tóóró, odò ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò sí ọgbà lápá ibi púpọ̀, àwọn àgùntàn sì ń sùn lórí ọ̀dà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n ni ín. Ó gba Oughtershaw gun Fleet Moss, tó ga ní mítà 589, tí ọ̀nà ọlọ́dà ní Yorkshire kò ga jù ú lọ. Lẹ́yìn òkè yẹn, ó rọ̀ dòò sí Gayle àti Hawes. Ibẹ̀ ni ẹ ti máa mọ bíréèkì tó dára yàtọ̀: jíà kejì ni kó máa di ọkọ̀ mú, kí ẹsẹ̀ máà jókòó sórí bíréèkì títí òórùn jíjó á fi bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn Hawes, B6255 fẹ̀, ó ṣí, ojú sì ń rí ọ̀nà jíjìn. Ribblehead wà lójú ọ̀nà yẹn, afárá ojú irin ayé Victoria tó ní ihò mẹ́rìnlélógún. Ẹ ó yà síbẹ̀ ya fọ́tò, kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ má yà. Lẹ́yìn náà Ingleton, kí ẹ tó gba A65 lọ sí Settle àti Skipton. A65 kò ní adùn kan. Ọ̀nà ilé ni.

Àwọn kan máa ní kí ẹ fi Buttertubs kún un, òkè tó wà láàárín Hawes àti Thwaite tí Tour de France gbà ní 2014. Ọ̀nà náà rẹwà, mi ò jiyàn. Àmọ́ ó tóóró, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan já sí àfonífojì, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ń gùn ún lọ́pọ̀ yanturu láti ọdún yẹn wá. Bí ẹ bá ju márùn-ún lọ, mi ò ní kó yín débẹ̀.

Kí adarí wa ọ̀nà náà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ní apá tí ẹgbẹ́ máa gbà, kó sì jẹ́ irú ọjọ́ kan náà: bí Sunday ni ìrìn yín, Sunday ni kó lọ. Hawes ọjọ́ Tuesday jẹ́ ọjọ́ ọjà, Hawes ọjọ́ Sunday sì kún fún ọ̀kadà ńláńlá. Ohun tí yóò máa wò ni iyanrìn tó dà sí kọ́nà, kòtò tuntun, ọ̀nà tí wọ́n ti pa, àti ibi tí ọkọ̀ mẹ́wàá lè dúró sí láìdí ọ̀nà ẹlòmíràn. Kó tún wo àwọn irin tí wọ́n tò gọbọi sójú ọ̀nà kí ẹran má baà kọjá. Ọ̀pọ̀ kit car ló jẹ́ pé ìkòkò ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnì ni ohun tó sún mọ́ ilẹ̀ jù. Bí ẹ bá fi eré kọjá lórí irin bẹ́ẹ̀, tàbí lórí afárá tó yọ gẹ̀gẹ̀, ọ́ìlì yín máa wà lójú ọ̀dà, ìrìn yín sì parí níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ ìwé ọ̀nà sórí bébà

Ẹ má gbára lé fóònù. Ní Langstrothdale, àfonífojì tí Hubberholme wà, àti lórí Fleet Moss, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì máa ń lọ ráú, àti pé máàpù inú fóònù lè pinnu fúnra rẹ̀ pé òun mọ ọ̀nà tó yá jù, kó sì kó ìdajì ẹgbẹ́ lọ sí ibòmíràn. Ojú ìwé kan ṣoṣo tó, lẹ́tà ńlá, nínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, nítorí ìwé máa ń fò lọ nínú ọkọ̀ tí kò lórùlé. Oríta tí ẹ ti máa yà nìkan ni kí ẹ kọ. Báyìí ni ìlà kan ṣe yẹ kó rí:

*Buckden. Yà sí ÒSÌ. Àmì: Hubberholme. (Má tẹ̀lé B6160 lọ sókè.)*

Gbólóhùn inú àkámọ́ yẹn ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ṣìnà kì í ṣìnà nítorí pé kò rí ọ̀nà. Ọ̀nà tó fẹ̀ jù ló ń tàn án. Ẹ kọ ohun tí kò gbọ̀dọ̀ ṣe síbẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù adarí àti ti olùkẹ́yìn sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ ibi ìpàdé tó kàn sí i: bí ẹnikẹ́ni bá sọnù, kó má wá yín kiri, kó lọ dúró níbẹ̀. Máàpù bébà ti Ordnance Survey, ilé iṣẹ́ máàpù ìjọba Britain, Landranger nọ́ńbà 98, kó apá tó le jù nínú ọ̀nà yìí já. Kí ọ̀kan wà nínú ọkọ̀ adarí, kí ìkejì wà nínú ti olùkẹ́yìn.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ yẹ ọkọ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kì í ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà

Kí ìjọba tó fún kit car tuntun ní nọ́ńbà, ó gbọ́dọ̀ yege ìdánwò kan tí wọ́n ń pè ní IVA, tó rọ́pò SVA àtijọ́ ní 2009. Ìdánwò náà le, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, nọ́ọ̀tì á máa tú, kò sì sí ilé iṣẹ́ kankan tó máa pè yín padà láti sọ pé àléébù kan wà. Ẹ̀yin lẹ tò ó, ẹ̀yin lẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lábẹ́. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ẹsẹ̀ irin (ẹ má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó wà lórí jáàkì nìkan láé), kí ẹ wá fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan: ti apá tó di wíìlì mú, ti ṣọ́ọ̀kì, ti sítíárìn, ti irin gígùn tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn. Ọgbọ́n kan wà tó rọrùn. Bí ẹ bá ti di nọ́ọ̀tì kan bó ṣe yẹ pẹ̀lú sípánà tó ń ka agbára, ẹ mú ọ̀dà funfun, ẹ fa ìlà tín-ín-rín kan tó bẹ̀rẹ̀ lórí nọ́ọ̀tì tó sì parí sórí irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Nígbà mìíràn, ojú nìkan ti tó. Bí ìlà náà bá ṣì tọ́, nọ́ọ̀tì kò yí. Bí ó bá ti já sí méjì, tí apá kan lọ sọ́tùn-ún tí ìkejì dúró, nọ́ọ̀tì ti ń jáde lọ nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ẹ ó fi wo ọkọ̀ kan yíká.

Ẹ wá kan táyà. Kit car kì í rìn púpọ̀ lọ́dún, nítorí náà ojú táyà máa ń dà bíi tuntun nígbà tí rọ́bà rẹ̀ ti gan. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Lójú tèmi, táyà tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá kò yẹ lórí Fleet Moss nígbà òjò, bó ti wù kí ojú rẹ̀ jinlẹ̀ tó. Ẹ ṣọ́ra fún afẹ́fẹ́ náà. Ọkọ̀ irú Seven lè má wúwo ju kílò 500 sí 600 lọ, ìdajì ọkọ̀ ilé kékeré, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lo psi bíi 18 sí 22. Ẹni tó bá fún un ní 32 nítorí pé bẹ́ẹ̀ lòun ń ṣe fún Toyota ìyàwó òun, ọkọ̀ náà á máa fò lórí gbogbo kòtò.

Epo ńkọ́? Láti September 2021, E10 ni epo bẹntiróòlù tó wọ́pọ̀ jù ní ilé epo Britain, èyí tí ethanol inú rẹ̀ lè dé ìdá mẹ́wàá. Ethanol máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Bí ọkọ̀ yín bá ní kábúrétọ̀ àti ọ̀pá epo tó ti pẹ́, ẹ fi aṣọ funfun nu ọ̀pá náà, kí ẹ gbóòórùn aṣọ. Bí epo bá ń rùn lára rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ̀pá náà kí ẹ tó jáde nílé. E5 ni kí ẹ máa rà fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, owó rẹ̀ ga díẹ̀ àmọ́ ọkọ̀ tó jóná ga jù ú lọ.

Ìyókù kò pẹ́: omi bíréèkì, bátìrì, iná, tíráfíkétọ̀, fèrè. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan títí fáànù rédíétọ̀ á fi ta fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dára nígbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i, tó wá ń hó nígbà tó bá tẹ̀lé katakata fún máìlì mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ 5: Ohun tí ẹ máa kó dání

Àyè ẹrù inú Seven kò ju ti báàgì ọmọ iléèwé lọ, nítorí náà ẹ pín in. Kí ẹnì kan gbé sípánà àti sókẹ́ẹ̀tì, kí ẹlòmíràn gbé wáyà tí wọ́n fi ń ya iná láti bátìrì kan sí òmíràn, ọ́ìlì àti omi, kí ẹnì kẹta gbé ẹ̀rọ tó ń fún táyà ní atẹ́gùn pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń dí ihò táyà. Ọ̀pọ̀ kit car kò ní táyà àfirọ́pò, kò sì sí fọkanáísà kankan lórí Fleet Moss tó jókòó ti kọ́ńpúrẹ́sọ̀ lábẹ́ igi. Wáyà tín-ín-rín, táàpù àti okùn oníke tí wọ́n fi ń so wáyà pọ̀ á gbà yín lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan, pàápàá sáílẹ́ńsà tó bá já.

Bí ẹ bá ní ilé iṣẹ́ tó ń gbé ọkọ̀ tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ pè wọ́n ṣáájú, ẹ sọ fún wọn pé ọkọ̀ yín lọ sílẹ̀ gan-an, ọkọ̀ agbọ́kọ̀ tó ní pèpéle gígùn ló lè gbé e. Èyí tó ń fi irin gbé iwájú ọkọ̀ sókè á fọ́ imú rẹ̀.

Aṣọ: bí ẹ bá ṣe ń gun òkè ni ooru ń dín, bíi dígírì 6.5 ní kìlómítà kan. Láti Skipton dé orí Fleet Moss, ó lè fi dígírì mẹ́ta tutù sí i, kí ẹ tó ka atẹ́gùn. Ẹ̀wù méjì tó fẹ́lẹ́ sàn ju ọ̀kan tó nípọn lọ. Kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò ní gíláàsì iwájú wọ gọ́gùùsì, nítorí kòkòrò kan tó báni lójú ní máìlì 50 ní wákàtí kì í ṣe eré. Fìlà tí kò ní ìdè, ẹ fi í sílé.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọ̀rọ̀ àárọ̀

Ẹ kóra jọ ní agogo mẹ́jọ, kí táńkì gbogbo yín ti kún. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni adarí máa fi sọ̀rọ̀, kó má jù bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá ti tẹ̀lé ọkọ̀ ìyàwó láti Ìbàdàn lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: iná méjèèjì ń ṣẹ́jú, fèrè ń dún, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ wọ àárín. Òdìkejì ìyẹn ni kí ẹ ṣe níbí. Iná oníṣẹ́jú méjèèjì kò bófin mu lórí irú ọ̀nà yìí fún ọkọ̀ tó ń rìn. Bí ọkọ̀ ará ìlú bá fẹ́ wọ àárín yín, ẹ gbà á láyè, ibi iṣẹ́ ló ń lọ.

Bí ẹ ṣe máa tò nìyí. Adarí síwájú, kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ tàbí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kò yá wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Àwọn tó ní eré lẹ́sẹ̀ kẹ́yìn. Olùkẹ́yìn ni ẹni tó mọ mẹkáníìkì jù nínú yín, kó sì wọ ẹ̀wù aláwọ̀ tó ń tàn. Gbogbo yín, ẹ tan iná iwájú, nítorí dígí ẹ̀yìn ọkọ̀ yìí máa ń gbọ̀n débi pé ojú iná nìkan lẹ máa dá mọ̀ nínú ẹ̀.

Ní oríta, àwọn kan ń lo ètò pé kí ọkọ̀ kejì dúró síbẹ̀ máa juwọ́ títí olùkẹ́yìn á fi dé. Ó dára ní ọ̀nà tó fẹ̀. Ní Dales, àyè kì í sábà sí ní oríta tí ọkọ̀ lè dúró sí, nítorí náà èyí tó rọrùn jù ni mo fara mọ́: olúkúlùkù ló ni ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ní oríta tí ẹ ti máa yà, ẹ má yà títí ẹni ẹ̀yìn yín á fi rí tíráfíkétọ̀ yín. Bí kò bá sí nínú dígí, ẹ rọra wá ibi dúró ṣáájú oríta. Ìdúró náà á máa rìn lọ síwájú láti ọkọ̀ dé ọkọ̀, títí adarí náà á fi dúró. Kò sẹ́ni tó nílò fóònù.

Ẹ fi èyí kún un: ẹ má tẹ̀lé ẹni iwájú ya ọkọ̀ ẹlòmíràn sílẹ̀. Òun rí ọ̀nà, ẹ̀yin ò tíì rí i. Fún oníkẹ̀kẹ́, ẹ fi mítà kan àbọ̀ ó kéré tán sílẹ̀. Fún ẹṣin, mítà méjì, kí eré yín máà kọjá máìlì 10 ní wákàtí.

Ìgbésẹ̀ 7: Lójú ọ̀nà

Ohun tó ń ba ìrìn ẹgbẹ́ jẹ́ jù kì í ṣe ọkọ̀ tó bàjẹ́. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń jáde lábúlé ni. Ká ní ẹ jẹ́ mẹ́wàá, tí ìṣẹ́jú àáyá méjì-méjì wà láàárín yín. Ìlà yín gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 18. Nínú abúlé, ní eré máìlì 30 ní wákàtí, ìyẹn jẹ́ bíi mítà 240. Adarí jáde, ó tẹ eré dé 60 tí òfin gbà, ẹ tẹ̀ lé e níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí gbogbo yín bá fi máa jáde tán, ìlà náà ti di mítà 480. Àkókò àárín yín kò yí padà rárá, àmọ́ ẹni ìkẹyìn ń wo òfìfo níwájú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé wọ́n ti fi òun sílẹ̀. Á wá tẹ eré ju ti gbogbo yín lọ láti bá yín. Nínú kọ́nà ni yóò sì ti máa bá yín.

Oògùn rẹ̀ ò ju méjì lọ. Kí adarí sọ fún wọn láàárọ̀ pé ìlà máa gùn, kò sóhun tó ṣe. Kí òun náà máa rìn ní 35 lẹ́yìn abúlé títí dígí rẹ̀ á fi kún, kó sì má kọjá 45 tàbí 50 lẹ́yìn náà. Nínú ọkọ̀ tí ìdí yín fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, tí atẹ́gùn ń fẹ́ yín létí, 45 kì í ṣe eré kékeré.

Nínú abúlé, ẹ yí jíà sókè kí ohùn sáílẹ́ńsà rẹlẹ̀. Ẹ má fi ẹ́ńjìnì pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí ẹ̀ẹ́ tún gbà kọjá lọ́dún tó ń bọ̀.

Ní April àti May, ọmọ àgùntàn wà níbi gbogbo. Bí ẹ bá rí ọmọ lápá ọ̀tún tí ìyá wà lápá òsì, ẹ dúró. Ìró ọkọ̀ á dẹ́rù ba ọmọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló sì máa sá lọ, ó di dandan, gba iwájú yín. Ní ojú ọ̀nà tóóró, bí katakata bá ń bọ̀, ọkọ̀ mẹ́wàá kò lè fi ẹ̀yìn rìn pọ̀. Kí ẹ má wọ apá tó há mọ́ra títí ẹ ó fi rí òdìkejì rẹ̀, kí ẹ sì fi àyè ọkọ̀ kan sílẹ̀ láàárín ara yín, kí àgbẹ̀ náà lè máa rí ibi sá wọ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí ọkọ̀ kan bá dákẹ́

Olùkẹ́yìn nìkan ló máa dúró tì í, pẹ̀lú ẹnì kan tó gbé sípánà. Àwọn yòókù, ẹ máa lọ sí ibi ìpàdé tó kàn. Mo mọ̀ pé ó ń ṣeni bíi kéèyàn dúró ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mẹ́wàá tó dúró sí kọ́nà ni ìjàǹbá kejì ti ń wá. Kí wọ́n kọ́kọ́ wò bóyá epo ń dé, bóyá iná ń jó ní plọ́ọ̀gù, bóyá wáyà tó so bátìrì mọ́ ṣásí ti tú; nínú ọkọ̀ tí èèyàn tò fúnra rẹ̀, ìkẹta yẹn ló máa ń jẹ̀bi jù. Bí kò bá yanjú láàárín ogún ìṣẹ́jú, ẹ pe ọkọ̀ agbọ́kọ̀, kí ẹ wá àyè fún awakọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn. Ẹ má jẹ́ kó dá jókòó sórí òkè.

Ìgbésẹ̀ 9: Oúnjẹ, àti lẹ́yìn tí ẹ bá dé

Hawes ni mo máa ń fẹ́ fún oúnjẹ ọ̀sán. Ibẹ̀ ni Wensleydale Creamery wà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe wàràkàṣì. Ẹ pe ibi tí ẹ bá fẹ́ jẹun ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, ẹ sọ iye yín, kí ẹ sì fi wákàtí kan sílẹ̀. Kí awakọ̀ má fẹnu kan ọtí. Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé bí sáílẹ́ńsà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹsẹ̀ tí sáílẹ́ńsà bá jó kì í tètè jinná. Ní ibi ìdúró, kí olúkúlùkù yí ọkọ̀ rẹ̀ ká kó wo ìlà funfun orí nọ́ọ̀tì, ó kéré tán ti àwọn wíìlì. Àwọn ará abúlé á wá bi yín léèrè pé ta ló ṣe ọkọ̀ yìí. Ẹ dá wọn lóhùn dáadáa, ẹ jẹ́ kí ọmọdé jókòó sínú ẹ̀.

Bí ẹ bá padà dé Skipton, ẹ ka orí kí ẹ tó túká. Kí olùkẹ́yìn kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí adarí tó sọ ohunkóhun: oríta wo ni ìlà ti já, ta ni eré náà pọ̀ jù fún, ibo ni wọ́n ti dúró ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó bá sọ ni kí ẹ fi tún ìwé ọ̀nà kọ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ó tó kúrò lọ́kàn yín.